Òkùnkùn nìkan kọ́: kí ló ń sọ àwòrán ilẹ̀ di ti ayé abàmì?

Ojú-Inú kọ pé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ayàwòrán. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Láti ìgbà tí eré orí kọ̀ǹpútà àti ìtàn àròsọ nípa ayé abàmì olókùnkùn ti gbòde, pẹ̀lú ilé olódi tó ti wó, igbó tí oòrùn kì í wọ̀, òkè ṣóńṣó tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló ti ń gbé kámẹ́rà kiri láti wá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ayé gidi. Inú mi dùn sí i gan-an, torí kò sí irú àwòrán míì tó ń fà mí lọ́kàn tó o. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo la ṣe sí púpọ̀ nínú èyí tí a ń gbé síbí: a ya ilẹ̀ lọ́sàn-án gangan, a délé, a fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, a bu búlúù díẹ̀ lé e. Ó ṣókùnkùn lóòótọ́, àmọ́ kò kó jìnnìjìnnì bá ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn fi awò dúdú wo ọ̀sán.

Ohun tí mo gbà ni pé òkùnkùn kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ìmọ́lẹ̀ kan bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ẹ wo Caspar David Friedrich, ayàwòrán ará Jámánì tó kun ahoro ilé ìjọsìn kan láàárín àwọn igi óákù láti 1809 sí 1810. Ìdajì ìsàlẹ̀ àwòrán náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán. Àfi kí èèyàn tẹjú mọ́ ọn dáadáa kó tó rí àwọn ọkùnrin ẹlẹ́wù ìsìn tó ń gbé pósí lọ sẹ́nu ọ̀nà ahoro náà. Lókè, ìmọ́lẹ̀ rẹ́súrẹ́sú ṣì wà lójú ọ̀run, ẹ̀ka igi gbígbẹ sì yọ lára rẹ̀ ketekete. Ìmọ́lẹ̀ òkè yẹn ló jẹ́ kí dúdú ìsàlẹ̀ wúwo. Ẹ tún wo bí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣe kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó wó. Ilé náà ti tóbi jù wọ́n lọ kí wọ́n tó bí wọn, yóò sì máa tóbi jù wọ́n lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá kú.

Ìbéèrè mi rèé: kí lẹ̀yin máa ń ṣe níbi tí ẹ ti ń ya àwòrán gan-an, kó tó di pé ẹ délé ìdí kọ̀ǹpútà?

---

Kùrukùru kọ pé:

Ọ̀gá Ojú-Inú, ẹ ṣé tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ní tèmi o, kùrukùru ni. Kò sí ohun tó mọ bí a ṣe ń pa nǹkan mọ́ tó o.

Omi wẹ́wẹ́ inú afẹ́fẹ́ máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri, nítorí náà bí nǹkan bá ṣe jìnnà tó ni yóò ṣe pòórá tó. Igi tó wà níwájú yín á dúdú kirikiri, èyí tó tẹ̀ lé e á di aláwọ̀ eérú, ẹ̀kẹta á kù bí òjìji, ẹ̀kẹrin á sì pòórá pátápátá. Ọkàn ẹni tó ń wo àwòrán náà ni yóò wá parí ibi tí igbó náà dé, ohun tí ọkàn bá sì fi parí rẹ̀ máa ń burú ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ.

Ẹ wo Fanal ní erékùṣù Madeira, ti Pọ́túgà. Àwọn igi arúgbó ló wà níbẹ̀, igi til ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n lọ́ wọ́n wọ́, mọ́ọ̀sì, ewéko tútù tó máa ń bo òkúta, sì ti bo ẹ̀ka wọn. Ara igbó àtijọ́ tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 1999 ni wọ́n. Atẹ́gùn òkun ló máa ń ti ìkùukùu gun òkè wá bò wọ́n. Tí oòrùn bá ràn, pápá tí màlúù ti ń jẹko ni ibẹ̀. Tí kùrukùru bá dé, ẹ ò ní fẹ́ dá wọbẹ̀.

Ẹ má dúró de oríire. Kùrukùru àfonífojì máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, tí atẹ́gùn ò sì fẹ́: ilẹ̀ á tutù, afẹ́fẹ́ tó fara kàn án á tutù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á wá di omi wẹ́wẹ́. Nínú ìròyìn ojú ọjọ́ orí fóònù, ẹ wo ìwọ̀n ìgbóná afẹ́fẹ́ àti ìwọ̀n tí ìrì fi máa ń sẹ̀. Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí atẹ́gùn sì kéré, ẹ dìde nídàájí. Etí kùrukùru ni kí ẹ wà, kì í ṣe àárín rẹ̀. Àárín rẹ̀ funfun báláú ni, kò sí ohun tí ẹ máa rí yà.

Ohun kan tún kù. Kámẹ́rà máa ń fẹ́ sọ gbogbo ohun tó bá rí di aláwọ̀ eérú, nítorí náà kùrukùru á jáde ní ìdọ̀tí. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ bí stop 1, ìyẹn kó di ìlọ́po méjì, kún un níbẹ̀, kí ẹ wá mú ibi tó yẹ kó dúdú lọ sí dúdú nílé.

---

Ọmọ-Àpáta kọ pé:

Kùrukùru, mi ò bá yín jiyàn, ṣùgbọ́n kùrukùru ti di ibi ìsádi fún àwọn tí kò wo bí ilẹ̀ ṣe rí rárá. Bí igi tó wà nínú rẹ̀ ò bá ní ìrísí, igi lásán tí kùrukùru bò ni yóò jẹ́.

Ohun tó ń sọ ilẹ̀ di ti ayé abàmì lójú mi ni pé ó dà bíi pé ọwọ́ kan ló kọ́ ọ, a ò sì mọ ọwọ́ ta ni. Ní Reynisfjara, ní gúúsù Áísílàǹdì, yanrìn etíkun dúdú bí èédú, ògiri àpáta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ òpó òkúta tó tò gbọọrọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìhà 5 tàbí 6. Àpáta yíyọ́ látinú òkè ayọnáyèéfín ló tutù, tó súnkì, tó wá sán bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ, àmọ́ ojú kò gbà. Nínú òkun tó wà níwájú rẹ̀, àwọn òkúta ṣóńṣó kan dúró tí wọ́n ń pè ní Reynisdrangar. Àwọn ará ibẹ̀ sọ pé òmìrán ni wọ́n, tí wọ́n ń fa ọkọ̀ ojú omi bọ̀ wá sí èbúté lóru, tí ilẹ̀ mọ́ bá, tí oòrùn sì sọ di òkúta. Ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn èèyàn yìí ti rí ayé abàmì nínú òkúta yẹn kí ẹnikẹ́ni tó ní kámẹ́rà.

Bákan náà ni Old Man of Storr ní erékùṣù Skye, ní Skọ́tíláǹdì: òpó àpáta kan ṣoṣo, gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 50, tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ilẹ̀ yẹ̀ lulẹ̀ láyé àtijọ́. Òun nìkan dúró bí aṣọ́nà.

Nípa ìmọ́lẹ̀, mo fara mọ́ ohun tí Ojú-Inú sọ pátápátá. Ìgbà tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tí òjò ń kọjá lọ, tí ìkùukùu dúdú ṣì bo gbogbo òkè, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ wá rí ihò kan, tó sì ta sórí àpáta kan ṣoṣo. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù ṣubú sínú òkùnkùn fúnra rẹ̀. Ẹ ò ní nílò àtúnṣe púpọ̀ mọ́. Dídúró ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin tó bá máa lọ sí Reynisfjara, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí òkun. Ìgbì ibẹ̀ máa ń ṣàdédé gun òkè ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ó sì ti gbé èèyàn lọ kú.

---

Akẹ́kọ̀ọ́-Fọ́tò kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ń kà á láti òkè wá ni. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Tí mo bá ya àwòrán ní òkùnkùn láti ibẹ̀ wá, bí mo ṣe fẹ́ kó rí, tí mo wá fẹ́ mú ojú ọ̀nà inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, gbogbo ibi dúdú á kún fún èérún aláwọ̀ pupa àti aláwọ̀ ewé. Kí ló fà á? Ìkejì: báwo ni àwòrán ṣe lè dà bí òru, tí èèyàn á ṣì rí ohun tó wà nínú rẹ̀?

---

Yàrá-Dúdú kọ pé:

Àbúrò, ìbéèrè tó dáa lo bi. Jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé bá ṣe dín kù ní ìdajì, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí sensor, ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, rí gbà sílẹ̀ ṣe ń dín kù ní ìdajì. Nígbà tó bá fi máa kan ibi tó dúdú jù, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó dé ibẹ̀ ò pọ̀ ju ariwo ara ẹ̀rọ náà lọ mọ́, ìyẹn èérún tí o rí yẹn. Tí o bá wá gbé e sókè, ariwo náà ni ò ń gbé sókè. Nítorí náà, yí i padà: ya á ní RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, jẹ́ kó mọ́lẹ̀ débi tó bá lè mọ́lẹ̀ dé láìjẹ́ pé ibi funfun rẹ̀ jóná, wo histogram, àwòrán kékeré tó ń fi bí dúdú àti funfun ṣe pọ̀ tó hàn, kí apá ọ̀tún rẹ̀ má gbá ògiri, kí o wá sọ ọ́ kalẹ̀ nílé. Òkùnkùn tí a sọ kalẹ̀ láti inú ìmọ́lẹ̀ máa ń jinlẹ̀, ó sì máa ń mọ́. Tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ni kí o gbé kámẹ́rà lé, kí o fi ISO, ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, sí 100, kí shutter, ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà, ṣí sílẹ̀ bó bá ṣe fẹ́ pẹ́ tó.

Ti òru wá. Ìmọ́lẹ̀ òṣùpá kì í ṣe búlúù o! Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ta lu òṣùpá ni, kódà ó fi díẹ̀ pupa ju ti oòrùn lọ. Ojú wa ló ń sọ ọ́ di búlúù. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, oríṣi sẹ́ẹ̀lì ojú míì ló máa ń gba iṣẹ́, ìyẹn kì í rí pupa rárá, àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé ló ń rí jù. Òdòdó pupa tó ń tàn lọ́sàn-án á dúdú bí èédú lálẹ́, ewé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì hàn jù ú lọ. Purkyně, onímọ̀ ará Bohemia, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, ló ṣàlàyé èyí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ohun tó túmọ̀ sí fún wa nìyí: má da búlúù sórí gbogbo àwòrán. Àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ọsàn ni kí o kọ́kọ́ mú dúdú, kí o fa gbogbo àwọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí o wá gbé white balance, ètò tó ń pinnu bí àwọ̀ ṣe gbóná tàbí tutù, sí nǹkan bíi 3,800 Kelvin. Tí iná kan bá wà nínú àwòrán, fèrèsé tàbí fìtílà, yọ òun sílẹ̀, jẹ́ kó gbóná. Òun ni yóò jẹ́ kí ojú gbà pé ìyókù jẹ́ òru.

Bó bá jẹ́ ọ̀sán lo fẹ́ sọ di òru, bí àwọn tó ń ṣe fíìmù ti ń ṣe é tipẹ́, jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ò ń yà, kó lè ṣe bí òṣùpá, kí o sì yọ ojú ọ̀run kúrò nínú àwòrán. Ojú ọ̀run ló máa ń tú àṣírí. Ṣùgbọ́n èyí tó dára jù ni ìgbà tí oòrùn ti wọ̀, tó ti rì tó dígíríì 4 sí 6 sísàlẹ̀ ilẹ̀. Búlúù ìgbà yẹn jẹ́ ti òótọ́. Ní ìtòsí ìlà agbedeméjì ayé kì í pẹ́ kọjá lọ, ní ìhà àríwá pátápátá ó lè fa wákàtí gùn, nítorí náà yan ibi tí o máa dúró sí kí oòrùn tó wọ̀.

---

Àrànmọ́jú kọ pé:

Yàrá-Dúdú ti sọ ti òṣùpá, ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń lẹ òṣùpá ńlá mọ́ àwòrán nígbà tí wọ́n lè yà á bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́.

Nǹkan bí ìdajì dígíríì ni òṣùpá gbà lójú ọ̀run. Ohunkóhun tí a bá dúró jìnnà sí ní ìlọ́po 110 gíga rẹ̀ á dọ́gba pẹ̀lú òṣùpá. Èèyàn tó ga tó mítà 1.7 lórí òkè: ẹ dúró sí nǹkan bíi mítà 190 sí i, òṣùpá á bo òun látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ilé ìṣọ́ tó ga ní mítà 30: ẹ sún sẹ́yìn tó nǹkan bíi kìlómítà 3.3. Lẹ́ǹsì gígùn lẹ máa nílò, bíi 600 mm, tí òṣùpá á fi tó nǹkan bíi mílímítà 5 àbọ̀ lára sensor tí gíga rẹ̀ jẹ́ mílímítà 24.

Ọjọ́ tó ṣáájú òṣùpá àrànmọ́jú ni mo yàn láàyò. Lọ́jọ́ yẹn ó máa ń yọ ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ṣì ń bẹ lórí ilẹ̀, òṣùpá ò sì ní jóná di àwo funfun. Ẹni kan ṣoṣo lórí òkè, tó wọ ẹ̀wù gígùn, tí òṣùpá tóbi jù lẹ́yìn rẹ̀: ohun tí Ojú-Inú sọ nípa èèyàn tó kéré náà nìyẹn.

---

Àlá-Òru kọ pé:

Ẹ má bínú, ibi tí èmi dúró sí yàtọ̀. Mo máa ń yí ojú ọ̀run padà, mo sì máa ń fi òṣùpá méjì sí i bó bá wù mí. Ayé àròsọ là ń ṣe, àbí? Kí ló dé tí a ó fi máa rìn kìlómítà mẹ́ta nítorí òṣùpá kan?

---

Ojú-Inú kọ pé:

Àlá-Òru, kò sí ìbínú níbẹ̀. Mo ti wo iṣẹ́ yín, ó sì dára. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é, bí ẹni tó ṣe é bá ti sọ fún àwọn tó ń wò ó pé òun tò ó pọ̀ ni.

Ohun tó máa ń dùn mí ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í bá ara mu. Ẹ wo ọ̀gbàrá omi tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì nínú èyí tí ẹ gbé síbí kẹ́yìn. Ìkùukùu iná pupa ló wà lókè, omi yẹn ṣì ń fi ojú ọ̀run funfun hàn. Òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, òṣùpá yín sì wà lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó ń ṣe é, àmọ́ kò ní gbà pé ibẹ̀ wà. Ayé àròsọ tí kò bá ní òfin ìmọ́lẹ̀ kò lè kó jìnnìjìnnì báni, torí kò sẹ́ni tó lè há sínú rẹ̀. Bí ẹ bá máa yí ojú ọ̀run, ẹ yí omi náà, kí ẹ sì fún gbogbo etí òkúta tó kọjú sí i ní àwọ̀ rẹ̀.

---

Àlá-Òru kọ pé:

Ti omi yẹn, òótọ́ lẹ sọ. Màá tún un ṣe lálẹ́ yìí. Lórí òṣùpá méjì, mi ò yí ohùn padà o.

---

Aṣọ́gbó kọ pé:

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, mo fẹ́ bẹ̀ wá nípa àwọn ibi tí a ń lọ. Àwọn igi tó ṣíji bo ojú ọ̀nà Dark Hedges ní Àríwá Írẹ́lándì, ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n ti gbìn wọ́n, wọ́n ti darúgbó. Lẹ́yìn tí wọ́n hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀ àlejò pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n ní láti fi òfin dé ọkọ̀ lójú ọ̀nà náà ní 2017. Ní Áísílàǹdì, wọ́n ti àfonífojì Fjaðrárgljúfur pa ní 2019 nítorí pé àwọn tó rọ́ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn fídíò orin kan ti tẹ ewéko rẹ̀ pa. Ní Wistman's Wood, igbó óákù kúkurú tó lọ́ pọ̀ ní Dartmoor, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń bẹ èèyàn pé kí wọ́n máa rìn yí etí igbó náà ká, kí wọ́n má wọ inú rẹ̀, torí mọ́ọ̀sì tó bo òkúta ibẹ̀ kì í tètè hù padà.

Mọ́ọ̀sì yẹn gan-an la wá yà. Láti etí igbó náà, pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn, àwọn ẹ̀ka á tilẹ̀ túbọ̀ dà bíi pé wọ́n fún mọ́ra wọn. Ẹ má sì kọ orúkọ ibi kékeré tí kò tíì gbajúmọ̀ sábẹ́ àwòrán yín.

---

Akẹ́kọ̀ọ́-Fọ́tò kọ pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí ibi tó ń gbé tẹ́ pẹrẹsẹ ńkọ́, tí kò ní òkè, tí kò ní ilé olódi, tí kò sì lówó ìrìn-àjò?

---

Ọmọ-Àpáta kọ pé:

Wá kùkùté igi tó ti jẹrà. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Gbé kámẹ́rà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pátápátá, kí lẹ́ǹsì fífẹ̀ rẹ má jìnnà sí i ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Gbòǹgbò tó ti gbẹ á di ẹsẹ̀ òkè, ihò ara rẹ̀ á di ẹnu ọ̀nà, olú tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á di òrùlé. Kí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe koríko, torí koríko ló máa sọ bó ṣe tóbi tó fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ní ìsàlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ rá lórí èèpo rẹ̀, kí gbogbo ìlà ara rẹ̀ ní òjìji tirẹ̀. Má tan án láti ọ̀dọ̀ kámẹ́rà, ńṣe ló máa tẹ́ pẹrẹsẹ.

---

Akẹ́kọ̀ọ́-Fọ́tò kọ pé:

Tí mo bá sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní ṣú bàìbàì bí?

---

Yàrá-Dúdú kọ pé:

Á ṣú díẹ̀, torí pé ohun tó bá sún mọ́ lẹ́ǹsì jù máa ń mú kí ibi tó hàn kedere tín-ín-rín. Fi aperture, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú lẹ́ǹsì, sí f/11. Bí ìyẹn ò bá tó, jẹ́ kí tripod dúró gbọnyin, ya ọ̀kan tí gbòǹgbò iwájú hàn kedere, òmíràn tí àárín hàn, òmíràn tí ẹ̀yìn hàn, kí o pa wọ́n pọ̀ nílé. Jẹ́ kí atẹ́gùn rọlẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, torí ewé tó bá mì láàárín wọn á di méjì. Tí o bá ti yà á, gbé RAW rẹ̀ síbí pẹ̀lú JPEG tí o ti tún ṣe, ká lè rí ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí o gbé e dé.